Aró, Àtùpà àti Jẹjẹrẹ: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Di Oògùn

Ẹni tí ó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ ní ọ̀sán gangan, tí kò fọ ọwọ́, tí ó sì dúró pẹ́ nínú oòrùn, lè rí i lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì pé ibi tí omi ọsàn náà kàn ti wú, ó sì ti léròrò. Nígbà tí ó bá jiná tán, ojú àpá náà lè dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ẹni pé iná ni ó jó o. Bẹ́ẹ̀ ni omi ọsàn nìkan kì í jó ènìyàn. Oòrùn tí a ń rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í sì í sábà ṣe wá bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí awọ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ń ta ọsàn ní ọjà Ouando kò nílò ìwé kí ó tó mọ èyí.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń lò láti fi bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Wọ́n ń wá aró kan tí kì í pa ara lára nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n tí ó ń di májèlé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Wọn yóò fi aró náà sínú ara aláìsàn, wọn yóò dúró kí ó wọ inú kókó jẹjẹrẹ, lẹ́yìn náà wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú kókó náà nìkan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, aró náà yóò sùn jẹ́ẹ́ títí ara yóò fi dà á nù.

Ìtàn Àjàṣẹ́ sọ pé ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Akron. Ọ̀rọ̀ ọdẹ òru yóò tètè yé ọmọ Akron nígbà náà. Ọdẹ a so àtùpà mọ́ iwájú orí, a yí i kiri inú igbó, títí ojú ẹran yóò fi tàn. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń wá ẹran, ìbọn ni ó fi ń pa á. Nínú ìtọ́jú tí a ń wí yìí, àtùpà kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìbọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Munich

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òní. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìlú Munich ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n Hermann von Tappeiner ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Oscar Raab, wádìí bí aró tí a ń pè ní acridine ṣe ń pa àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín inú omi, àwọn tí ojú lásán kò lè rí. Raab rí ohun kan tí kò yé e. Aró kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan àwọn ẹ̀dá náà kú kíákíá, ní ọjọ́ mìíràn wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ẹlòmíràn ìbá ti da omi náà nù kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Raab wádìí rẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà: nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ ni aró ń pa wọ́n, nígbà tí ó bá ṣú, agbára aró náà a rọ̀. Ní 1900 ni ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní 1903, von Tappeiner àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Jesionek fi aró mìíràn, eosin, kun ara àwọn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ sí i. Ọdún náà gan-an ni Niels Finsen, oníṣègùn ará Dẹ́ńmáàkì, gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí pé ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń jẹ awọ ojú.

Ẹnì kan tilẹ̀ fi ara rẹ̀ dán an wò. Ní 1912, dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Meyer-Betz gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ aró kan tí a ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì jáde sínú oòrùn. Ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wú, ìrora sì bá a. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó lè gba oòrùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgboyà ni, a kò lè sọ pé ọgbọ́n ni.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Thomas Dougherty ni ó jí i dìde ní ilé ìtọ́jú Roswell Park, ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà. Ní 1978, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn iṣẹ́ wọn lára aláìsàn 25 tí wọ́n ní kókó jẹjẹrẹ 113 lápapọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó náà ni ó súnkì tàbí tí ó pòórá. Oògùn tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ni a ń pè ní Photofrin. Ìjọba Kánádà fọwọ́ sí i ní 1993 fún jẹjẹrẹ àpòòtọ̀, ti Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1995 fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ààrò mẹ́ta

Àwọn àgbà sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìtọ́jú yìí náà ní ààrò mẹ́ta: aró, ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé aró, aró náà a gba agbára rẹ̀, a sì gbé agbára náà fún ọ́síjìn tí ó wà nítòsí. Ọ́síjìn jẹ́jẹ́ tí a mọ̀ yóò wá di oníbìínú. Ohun gbogbo tí ó bá kàn ni yóò bù jẹ: ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀. Ẹ̀mí ọ́síjìn oníbìínú yìí kúrú gan-an. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti kú. Nítorí náà kò lè rìn jìnnà sí ibi tí a ti bí i, ibẹ̀ nìkan ni ó sì ń bà jẹ́. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ààrò mẹ́ta náà, ìkòkò kò ní dúró.

Èyí dára láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà, ẹ jẹ́ kí a sọ wọ́n bí wọ́n ti rí.

Àkọ́kọ́, aró kì í mọ ilé tí a rán an sí. A gún un sínú iṣan, ó ń lọ sí gbogbo ara, àní títí dé awọ. Ẹni tí ó bá gba Photofrin gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún ọjọ́ 30 ó kéré tán, kí ohun tí ó ṣe Meyer-Betz má bàa ṣe òun náà. Ní ìlú Yúróòpù tí òtútù wà, èyí lè ṣeé fara dà. Ní Akron ńkọ́? Ìyá tí ń pàtẹ ẹ̀kọ níta, ẹni tí ń fi zémidjan wá oúnjẹ òòjọ́, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Adjarra: ta ni yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ fún oṣù kan? Ìṣòro kejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aró tí ó dára jù kò gba omi. Bí epo pupa ṣe ń léfòó lójú omi ni wọ́n ṣe ń kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti kóra jọ, agbára wọn ti dín kù.

Ti ìmọ́lẹ̀ ni ó le jù. Ẹ fi ọwọ́ bo iná tọ́ọ̀ṣì ní alẹ́, ẹ óò rí i pé àwọ̀ pupa nìkan ni ó ń la àtẹ́lẹwọ́ kọjá díẹ̀. Àwọn àwọ̀ yòókù ti kú sínú ẹran ara. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń lo ìmọ́lẹ̀ pupa. Síbẹ̀, kì í sábà wọ inú ẹran ara ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ kí agbára rẹ̀ tó tán. Dúdú tí ó wà nínú awọ àwa ènìyàn dúdú náà ń gba nínú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ bí a bá ń tọ́jú ojú awọ. Ṣùgbọ́n inú ẹnu, inú ọ̀nà ọ̀fun àti inú àpòòtọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi okùn tín-ínrín kan darí ìmọ́lẹ̀, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdíwọ́.

Ẹ kíyè sí sẹ̀ǹtímítà 1 yìí dáadáa. Kókó tí ó kéré ni ìmọ́lẹ̀ lè là já. Èyí tí a fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ fún ọdún méjì, tí a ń fi àgbo pa, tí a kò jẹ́ kí ọkọ tàbí ọmọ mọ̀, tí ó wá tó ọsàn tàbí àgbọn, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè dé àárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ fún àwọn ìtọ́jú mìíràn: iṣẹ́ abẹ ń rọrùn nígbà tí kókó bá kéré. Obìnrin tí ó bá fọwọ́ kan ohun líle nínú ọyàn rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tàbí ẹni tí egbò ẹnu rẹ̀ kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àpò tí ó kéré ju irun lọ

Níbi tí ìṣòro dé yìí ni oògùn wínníwínní, tí àwọn aláwọ̀ funfun ń fi orúkọ nánò pè, ti wọlé. Nánómítà ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí a bá pín mílímítà 1 sí ọ̀nà 1.000.000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà 1. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí nánómítà 80.000. Àpò ọ̀rá tí a ń kó aró sí lè jẹ́ nánómítà 100 péré, èyí ni pé 800 irú rẹ̀ ni a óò tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gba ìbú irun kan. Ọ̀rá tí a fi ṣe é jẹ́ ìbátan ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì wa ká, nítorí náà ara kì í kà á sí àlejò púpọ̀. Aró tí kò fẹ́ omi yóò jókòó sínú ọ̀rá náà wẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ.

Kí ni yóò mú àpò náà dúró níbi jẹjẹrẹ? Kókó jẹjẹrẹ a máa dàgbà pẹ̀lú ìwàǹwára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọ́ fún ara rẹ̀ dà bí ògiri tí a mọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo: ihò pọ̀ lára rẹ̀. Àpò kékeré tí kò lè jò jáde lára iṣan tí ó dára lè gba ihò wọ̀nyí kọjá. Àwọn ará Jàpáàn méjì, Matsumura àti Maeda, ni wọ́n ṣàlàyé èyí ní 1986, inú gbogbo ayé sì dùn sí i.

Inú náà dùn jù. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Toronto kó ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, èyí tí a ṣe lára àwọn ẹranko, wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Nínú ìdajì àwọn ìwádìí náà, ohun tí ó dé inú kókó jẹjẹrẹ kò ju 7 lọ nínú 1.000 tí a gún sí ara. Ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú ni ó ń gbé púpọ̀ nínú ìyókù mì. Ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé oògùn wínníwínní ń lọ tààrà sí ibi àrùn bí ẹyẹlé tí ń lọ sílé, ó ń fi ìyìn kún un. Àǹfààní ibẹ̀ nínú ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ ni pé ìyókù tí ó ṣìnà kò ní jí àyàfi bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án.

A sì ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Láti 2000 ni a ti ń lo Visudyne, aró tí a kó sínú ọ̀rá, fún àrùn kan tí ń fọ́ àwọn àgbàlagbà lójú. Ojú ni wọ́n ń fi í tọ́jú, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà náà ṣeé tọ̀.

Ọmọ Lesotho tí ó yan aró búlúù

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ jù lórí aró onímọ́lẹ̀ ní ayé jẹ́ obìnrin Áfíríkà, Tebello Nyokong. Ní 1951 ni a bí i ní orílẹ̀-èdè Lesotho. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó ń da àgùntàn lórí òkè, ó sì ń lọ sí ilé ìwé. Ó kàwé títí dé Kánádà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1987, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà ní 1992. Ní 2009, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO tí a ń fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Aró tí ó gbájú mọ́ ni phthalocyanine. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: búlúù ni, bí àwọ̀ ṣòkòtò jíńsì. Àwọn ìyá aláró ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń ti aṣọ bọ ìkòkò aró kì í lo phthalocyanine, ewé èlú ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ nípa aró náà ni Nyokong ń wá: èwo ni yóò gbà, èwo ni yóò ṣí, èwo ni yóò dì mọ́ ohun tí a bá fi í sí. Phthalocyanine ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa dáadáa, èyí tí ó ń wọ ara jù. Nyokong àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń so aró náà mọ́ wóró wúrà tín-ín-tín àti àwọn wóró nánò mìíràn, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, kí wọ́n sì lè rí ibi tí ó wà nínú ara.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ ìwádìí kan tí a ń pè ní NANO+, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef wà nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe wóró fàdákà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀. Mo dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohun tí a ń pè ní nánò gbọ́dọ̀ ti inú ọkọ̀ òfuurufú sọ̀ kalẹ̀.

Zàngbétò inú ẹ̀jẹ̀

Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu jù nínú ìtọ́jú yìí ni èyí tí wọn kò wá rárá. Ní Àjàṣẹ́, ta ni kò mọ Zàngbétò, tí ń ṣọ́ ìlú ní òru? Ara ènìyàn náà ní àwọn aṣọ́de tirẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń mú kòkòrò àrùn tí ó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í ṣe olè tí ó ti ìlú mìíràn wá. Ọmọ inú ilé ni. Sẹ́ẹ̀lì ara wa tí ó ya pòkíì ni, ojú rẹ̀ jọ ojú àwọn arákùnrin rẹ̀. Aṣọ́de a rí i, a kí i, a sì kọjá lọ.

Nígbà tí ọ́síjìn oníbìínú bá fọ́ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ikú rẹ̀ kì í ṣe ikú jẹ́jẹ́. Ó ń fi àmì sí ara òde, ó sì ń da àwọn ohun inú rẹ̀ síta, bí ẹni tí ó ké ìbòòsí lóru. Àwọn alóre ara a sáré wá, wọn a ṣa àfọ́kù sẹ́ẹ̀lì náà, wọn a gbé e lọ sí àwọn kókó kéékèèké tí ó wà lábẹ́ abíyá, ní ọrùn àti ní ìtan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi han àwọn ọmọ ogun ara pé: irú ojú báyìí ni kí ẹ máa mú. Ní Vancouver ní Kánádà, Mladen Korbelik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku yẹ èyí wò ní 1996. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú eku tí ara rẹ̀ pé àti eku tí a bí láìní ọmọ ogun ara. Kókó náà kọ́kọ́ lọ lára àwọn méjèèjì. Lára eku tí kò ní ọmọ ogun, ó padà wá. Nígbà tí wọ́n fún irú eku bẹ́ẹ̀ ní mùdùnmúdùn egungun láti ara eku tí ó pé, ìwòsàn tún ṣeé ṣe fún un. Ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń ṣẹ́gun.

Jẹjẹrẹ ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mìíràn. Bí ọmọ ogun bá tilẹ̀ dá a mọ̀, ó lè nawọ́ tẹ bíréèkì ọmọ ogun náà, kí ó dúró gbagidi. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Jàpáàn wá ọ̀nà láti tú bíréèkì náà, wọ́n sì pín Ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe báyìí ni pé kí wọ́n so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní Yunifásítì Chicago, àwọn ènìyàn Wenbin Lin ṣe wóró wínníwínní tí ó gbé aró, wọ́n fún eku tí ó ní kókó méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí, wọ́n sì fi oògùn tí ń tú bíréèkì kún un. Kókó ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn rí, súnkì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí jẹjẹrẹ tí ó ti tàn káàkiri ara ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àtùpà kò sì lè dé gbogbo ibi tí ó sá sí. Ṣùgbọ́n eku ni. Eku púpọ̀ ti rí ìwòsàn tí ènìyàn kò tíì rí.

Níbo ni iṣẹ́ dé lára ènìyàn? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba Jàpáàn fọwọ́ sí oògùn kan tí ó jáde láti inú iṣẹ́ Hisataka Kobayashi, fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tí iṣẹ́ abẹ kò ká mọ́. Wọ́n so aró mọ́ ohun kan tí ó mọ ojú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i. Ìdílé phthalocyanine ni aró náà ti wá, ìdílé tí Nyokong fẹ́ràn. Ní ti àpò àti wóró nánò tí ń gbé aró lọ bá jẹjẹrẹ tí ó sì ń jí àwọn ọmọ ogun ara, púpọ̀ wọn ṣì wà ní ilé ìwádìí, díẹ̀ ni a ń dán wò lára ènìyàn. Bí ẹnì kan bá wá tà á fún yín nínú ìgò ní ibùdókọ̀, tí ó ní kí ẹ mu ún kí ẹ sì yáná oòrùn, ẹ di owó yín mú.

Iye owó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ lésà wọ́n, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ. Nítorí èyí ni Tayyaba Hasan, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àti Jonathan Celli pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ṣe àtùpà kékeré kan tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, tí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ irú LED tí a ń rí nínú tọ́ọ̀ṣì, tí a sì ń fi fóònù aláwòrán wo ibi tí aró dé. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú Aligarh ní Íńdíà, níbi tí jíjẹ tábà lẹ́nu ti ń fa jẹjẹrẹ ẹnu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn dókítà ibẹ̀ fi tọ́jú àwọn tí kókó ẹnu wọn kò tíì tóbi. Aláìsàn á mu oògùn kan tí ó pò mọ́ omi, ara rẹ̀ á fúnra rẹ̀ sọ oògùn náà di aró. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, wọn á tan àtùpà sí inú ẹnu rẹ̀. Bí iná ìlú bá lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, àtùpà náà kò ní kú.